Ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀ ló ni èsì: lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin dókítà àti ẹ̀yin onímọ̀ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń yẹ olùwáṣẹ́ wò

Ẹ̀yin dókítà wa, ẹ̀yin onímọ̀ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, pàápàá jù lọ ẹ̀yin tí àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni ń fi olùwáṣẹ́ ránṣẹ́ sí,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú àìsùn, ẹ kú ìtọ́jú aláìsàn. Mo mọ̀ pé èrò pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà yín, ẹ ò sì ráyè lẹ́tà gígùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka tèmi yìí dópin. Ọ̀rọ̀ tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí ọdún mélòó kan ni, mo sì ti rò ó títí, ẹ̀yin ni mo rí i pé ó yẹ kí n bá sọ ọ́.

Ọdún 19 ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì tó ń gbani síṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe bísíkíìtì nílùú Èkó, kí n tó fẹ̀yìn tì padà sí Ìbàdàn. Bí ẹnì kan bá ti yege nínú ìdánwò àti íńtáfíù, èmi ni mo máa ń tẹ lẹ́tà tó máa mú lọ sí ilé ìwòsàn tí ilé iṣẹ́ wa ń lò. Inú lẹ́tà yẹn la máa ń to gbogbo ohun tí a fẹ́ kí wọ́n yẹ̀ wò sí: ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀, ìgbẹ́, ojú, ẹ̀jẹ̀ ríru, àwòrán àyà. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́tà mẹ́ta kan máa ń wà níbẹ̀: RVS. Ẹni tí mo bá lẹ́nu iṣẹ́ ló kọ́ mi pé bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kọ ọ́, kí ẹni tó ń mú un lọ má baà tètè mọ ohun tó jẹ́. Àyẹ̀wò HIV, kòkòrò tó ń fa àrùn éèdì, ló túmọ̀ sí.

Èsì kì í gba ọwọ́ olùwáṣẹ́. Awakọ̀ ilé ìwòsàn ló máa ń kó gbogbo rẹ̀ wá lọ́jọ́ Ẹtì, nínú àpòòwé búráùn tí wọ́n ti lẹ̀ pa, tí wọ́n lu òǹtẹ̀ àṣírí mọ́ lára. Èmi ni mo máa ń já a.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan lọ́dún 2017, àpòòwé mẹ́jọ ló dé. Ẹ̀kẹfà jẹ́ ti ọmọbìnrin kan tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìmọ̀ oúnjẹ ní ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe. Òun ló ṣe ipò kìíní nínú ìdánwò tí a fún àwọn tó fẹ́ wá máa yẹ bísíkíìtì wò kó tó wọ inú páálí. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pé, ìtọ̀ rẹ̀ mọ́, ojú rẹ̀ ń ríran, àyà rẹ̀ dára. Gbogbo ìyẹn ni wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀. Ìlà tó kẹ́yìn nìkan ni wọ́n fọwọ́ kọ: RVS, Reactive, ìyẹn ni pé kíìtì ní HIV wà lára rẹ̀. Ẹnì kan ti fi bírò pupa yí i po lẹ́ẹ̀mejì, ó tẹ̀ ẹ́ débi pé ìwé náà fẹ́rẹ̀ẹ́ lu. Mo gbé e lọ bá ọ̀gá mi. Kò sọ̀rọ̀. Ó kàn fi ìka sórí ìlà yẹn, ó sì ti ìwé náà padà sí mi lórí tábìlì. Mo padà sí àyè mi, mo mú rúlà, mo fa ìlà gbọọrọ lé orúkọ ọmọ náà, mo kọ orúkọ ẹni tó ṣe ipò kejì sí i.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wá sí géètì. Lẹ́ẹ̀kẹta, òjò ń rọ̀. Ó ti fi láílọ́ọ̀nù wé fáìlì rẹ̀ kó má baà tutù, òun fúnra rẹ̀ ló rin gbingbin. Mo ní wọ́n ti gba ẹlòmíràn. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ìbéèrè kan wà tí mi ò dáhùn dáadáa ni? Ẹ ṣáà sọ ọ́ fún mi, kí n lè mọ ohun tí màá ṣe bí mo bá dé ibòmíràn." Mo ní kò sí. Mo ní kó máa lọ, Ọlọ́run á ṣe é.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn mí jù nìyí: ọmọ yẹn ò mọ̀. Ẹni tó fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ̀. Ẹni tó kán an sórí kíìtì mọ̀. Dókítà tó fọwọ́ sí ìwé mọ̀, ọ̀gá mi mọ̀, èmi náà mọ̀. Òun tí ẹ̀jẹ̀ náà ti ara rẹ̀ jáde nìkan ni kò sẹ́ni tó pè jókòó. Wọ́n ní kó na apá, ó na apá. Ó rò pé wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ òun pé ni. Bí kòkòrò náà bá wà lára rẹ̀ lóòótọ́, ó ti kúrò ní géètì wa láìmọ̀ pé oògùn wà tó yẹ kóun máa lò láti ọjọ́ yẹn lọ. Bí kò bá sì sí lára rẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀yin lẹ mọ èyí jù mí lọ. Ó ti pẹ́ tí ìlànà orílẹ̀-èdè wa ti sọ ọ́ pé kíìtì kan ṣoṣo kò tó láti fi sọ pé ẹnì kan ní HIV. Nígbà náà, bí kíìtì tí wọ́n ń pè ní Determine bá ní ó wà, kíìtì Uni-Gold ni wọ́n máa ń fi tún un wò, bí àwọn méjèèjì ò bá fẹnu kò, kíìtì Stat-Pak á wá là wọ́n. Ìlà kan ṣoṣo ló wà lórí ìwé tí mo rí. Kò sí kíìtì kejì níbẹ̀, kò sí pé ẹnikẹ́ni bá a sọ̀rọ̀ ṣáájú tàbí lẹ́yìn. Orí ìlà kan yẹn la gbé iṣẹ́ rẹ̀ sọnù lé.

Mi ò mọ̀ nígbà náà pé òfin ti wà. Àìmọ̀ yẹn ò gbà mí sílẹ̀, mi ò sì tìtorí ẹ̀ sọ ọ́. Mo sọ ọ́ torí ó dá mi lójú pé ọ̀pọ̀ ènìyàn tó wà ní irú ọ́fíìsì tí mo wà ni kò tíì mọ̀ títí di òní. Òfin tó ń dènà ìyàsọ́tọ̀ nítorí HIV àti éèdì, òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2014 tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí, sọ ọ́ ní kedere pé kò sí agbanisíṣẹ́, ilé iṣẹ́ tàbí ẹnikẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ àyẹ̀wò HIV di dandan kí ènìyàn tó rí iṣẹ́ gbà. Kò gbọ́dọ̀ fi lé ẹni tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ jáde. Kò gbọ́dọ̀ fi dandan mú un kó sọ bí ara rẹ̀ ṣe rí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá rú òfin náà yóò san owó ìtanràn tí kò dín ní ₦500,000. Bó bá jẹ́ ilé iṣẹ́, kò dín ní ₦2,000,000. Ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún kan sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Agbanisíṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ márùn-ún péré tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ ní ìlànà tó kọ sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ HIV níbi iṣẹ́. Àwa ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún òṣìṣẹ́, mi ò sì rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí fún gbogbo ọdún tí mo lò níbẹ̀.

Àyè kékeré kan wà tí òfin náà fi sílẹ̀: ìgbà tí àwọn oníṣègùn tó tó bẹ́ẹ̀ bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí ẹnì kan kò bá ṣe àyẹ̀wò náà, ewu gbangba ni fún àwọn ẹlòmíràn. Ẹ ṣàkíyèsí pé oníṣègùn ló máa kọ ọ́, ẹ̀rí sì gbọ́dọ̀ wà nídìí rẹ̀. Ìbẹ̀rù ọ̀gá ilé iṣẹ́ kò wọ inú àyè yẹn. Mi ò rí iṣẹ́ kan nínú ilé iṣẹ́ bísíkíìtì, láti ibi tí wọ́n ti ń po ìyẹ̀fun dé ibi tí wọ́n ti ń kó páálí sí ọkọ̀, tó lè wọ ibẹ̀.

Kí òfin yẹn tó dé pàápàá, kóòtù ti dá irú ẹjọ́ yìí. Ẹ̀yin dókítà gan-an lọ̀rọ̀ náà kàn, torí ilé ìwòsàn ló ti ṣẹlẹ̀. Georgina Ahamefule jẹ́ nọ́ọ̀sì olùrànlọ́wọ́ ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Èkó láti ọdún 1989. Lọ́dún 1995, ó lóyún, ara rẹ̀ kò sì yá, ó lọ bá ọ̀gá rẹ̀ tó jẹ́ dókítà. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wọn ò sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ náà wò fún un. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n ní kó lọ sinmi nílé, wọ́n darí rẹ̀ sí ilé ìwòsàn mìíràn, ibẹ̀ ló ti wá gbọ́ pé HIV ni. Ilé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́ lé e dà nù. Nígbà tí oyún náà bà jẹ́ lára rẹ̀, tó padà lọ sọ́dọ̀ wọn fún ìtọ́jú, wọn ò dá a lóhùn.

Ọdún 2000 ló gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù gíga Èkó. Lọ́dún 2001, adájọ́ tó kọ́kọ́ ń gbọ́ ọ ní kò gbọ́dọ̀ wọ inú kóòtù títí tí onímọ̀ kan yóò fi wá jẹ́rìí pé kò ní kó àrùn ran àwọn tó jókòó síbẹ̀. Ẹ fojú inú wo obìnrin tó wá gba ẹ̀tọ́ rẹ̀, tí wọ́n ní kó dúró síta lórí ẹjọ́ ara rẹ̀. Kò padà lẹ́yìn rẹ̀. Ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2012, lẹ́yìn ọdún 17 tí wọ́n ti lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kóòtù dá a láre. Wọ́n ní kí wọ́n san ₦5,000,000 fún un lórí iṣẹ́ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ láìtọ́, kí wọ́n sì san ₦2,000,000 mìíràn lórí àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe láìgba ìyọ̀ǹda rẹ̀. Ohun tí adájọ́ pe fífa ẹ̀jẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú. Ó ní orúkọ kan náà tí òfin ń pe kí ènìyàn fọwọ́ líle kan ẹlòmíràn láìtọ́ ni. Abẹ́rẹ́ kékeré tí ẹ ti fi òwú nù, tí ẹ ti ní "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà" kẹ́ ẹ tó gún un, bí ẹni tẹ́ ẹ gún ò bá mọ ohun tí ẹ fẹ́ fi wò, lójú òfin, ẹ ti lù ú.

Ní Gúúsù Áfíríkà, ìdájọ́ tiwọn ti wà ní ọdún méjìlá ṣáájú tiwa. Jacques Hoffmann wá iṣẹ́ lọ́dún 1996 sí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú orílẹ̀-èdè náà, ó fẹ́ máa tọ́jú èrò nínú bààlúù. Àwọn 173 ló du iṣẹ́ náà, àwọn 12 péré ni wọ́n rí pé ó yẹ, òun náà sì wà nínú wọn. Ó ku àyẹ̀wò ìlera. Dókítà ní ara rẹ̀ le, ó lè ṣe iṣẹ́ náà. Èsì ẹ̀jẹ̀ wá dé, wọ́n sì yí ọ̀rọ̀ padà. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2000 ni ilé ẹjọ́ tó ń rí sí òfin orílẹ̀-èdè wọn pàṣẹ pé kí wọ́n gbà á síṣẹ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ìtàn rẹ̀, ọmọbìnrin tó wé fáìlì sínú láílọ́ọ̀nù ni mo rí. Òun náà ti yege. Àyẹ̀wò ló kù.

Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ nínú yín máa sọ, torí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà tiwa nígbà tí mo wá bi í léèrè lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì. Ó ní ilé iṣẹ́ ló ń sanwó, iṣẹ́ tí wọ́n rán òun lòun jẹ́. Ó tún ní bí òun bá kọ̀, ilé ìwòsàn tó wà ní òpópónà kejì ò ní kọ̀. Mi ò bínú sí i, torí bí èmi náà ṣe rò nìyẹn fún ọdún 19. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ilé iṣẹ́ tó ń sanwó ò ra ẹ̀jẹ̀ ẹni tó rán wá sọ́dọ̀ yín. Owó tí wọ́n san jẹ́ owó kẹ́ ẹ sọ fún wọn bóyá ẹni náà lè ṣe iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ gbé lé e lọ́wọ́, ó tán síbẹ̀.

Ọ̀gá mi ní tirẹ̀ sọ pé oúnjẹ ni a ń ṣe. Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí létí nígbà yẹn, ó sì ṣì ń wọ ọ̀pọ̀ ènìyàn létí. Kòkòrò HIV kì í gba inú bísíkíìtì ran ẹnikẹ́ni, kì í gba inú ẹ̀bà, kì í gba inú omi, kì í gba ara ìbọ̀wọ́, kì í gba inú òógùn. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ yẹ̀ wò lára ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kan oúnjẹ ni ìgbẹ́ rẹ̀, bóyá àrùn tó ń gba inú oúnjẹ ranni wà nínú rẹ̀, àti awọ ọwọ́ rẹ̀, bóyá egbò wà níbẹ̀. Ìyẹn ní ìdí, ẹnikẹ́ni ò sì lè bá yín jà lórí ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ojú ẹni tó fẹ́ wa ọkọ̀ agbẹ́rù, tàbí etí ẹni tó máa wà nídìí ẹ̀rọ tó ń pariwo. Ẹ wo ohun tó kan iṣẹ́, kẹ́ ẹ fi ohun tí kò kàn án sílẹ̀.

Àwọn tó ní ilé ìwòsàn náà máa ní ti nọ́ọ̀sì yàtọ̀, torí abẹ́rẹ́ àti ẹ̀jẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni Georgina, ẹ sì rí ibi tí ẹjọ́ rẹ̀ parí sí. Ìbọ̀wọ́ tí ẹ ń wọ̀, àpótí tí ẹ ń ju abẹ́rẹ́ sí, ìlànà tí ẹ ń tẹ̀ lé lórí ẹ̀jẹ̀ gbogbo ènìyàn láì wo ojú ẹnikẹ́ni, ìwọ̀nyí ló ń dáàbò bo aláìsàn àti òṣìṣẹ́. Bí abẹ́rẹ́ bá gún ẹnì kan, oògùn wà tó lè bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé. Yíyọ nọ́ọ̀sì kan kúrò lẹ́nu ọ̀nà ò fi kún ìkankan nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan nípa orúkọ tí àwa Yorùbá ń pe àrùn yìí. Àrùn kògbóògùn. Mo rántí ìgbà tí orúkọ yẹn wọ àárín wa, ní àsìkò tí rédíò ń dá gbogbo wa níjì, tí wọ́n ń ya egungun orí sára pátákó. Nígbà náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́. Lónìí, kóró oògùn kan lójúmọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì ń fún wọn ní ilé ìwòsàn ìjọba. Kò lé kòkòrò náà kúrò pátápátá, àmọ́ ó ń dè é mọ́lẹ̀, ẹni tó bá ń lò ó déédéé á dàgbà, á darúgbó. Ẹni tí kòkòrò náà bá ti lọ sílẹ̀ lára rẹ̀ débi pé ẹ̀rọ yín kò rí i mọ́ kò ní kó o ran ọkọ tàbí aya rẹ̀ nípa ìbálòpọ̀ pàápàá, ká má tíì sọ ẹni tí wọ́n jọ ń to bísíkíìtì. Ó ti gbọ́ oògùn. Orúkọ tí a fún un ni kò gbọ́. Nígbà tí ọ̀gá mi fi ìka sórí ìlà yẹn, orúkọ yẹn ló wà lọ́kàn rẹ̀, òun ló wà lọ́kàn èmi náà: pé ọmọ yìí ti kú tán, kí la fẹ́ fi ìgbanisíṣẹ́ ṣe fún òkú? Ẹ dákun, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀, ẹ bá wa pa orúkọ yẹn tì. Kòkòrò apa sójà ara tí àwọn kan ń pè é dára jù ú lọ, ó ṣáà ń sọ ohun tí kòkòrò náà ń ṣe, kò dájọ́ ikú fún ẹnikẹ́ni.

Ní ti àṣírí, kò yẹ kó jẹ́ èmi ni màá máa kọ́ yín. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 2014 ti sọ pé ọ̀rọ̀ ìlera ẹni tẹ́ ẹ tọ́jú kò gbọ́dọ̀ jáde láìsí ìyọ̀ǹda rẹ̀, àyàfi níbi tí òfin bá ti là á sílẹ̀. Òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ara ẹni, ti ọdún 2023, ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun tó gbẹgẹ́, tí wọn ò gbọ́dọ̀ máa gbé kiri bí ẹ̀pà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ wa ti mọ èyí kí òyìnbó tó dé. Ẹni tó bá lọ dífá, etí owó ló máa ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí. Á gbé owó náà súnmọ́ ẹnu, á sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, á sì gbé e sílẹ̀. Babaláwo tó jókòó níwájú rẹ̀ ò gbọ́ ohun tó sọ. Ifá ló máa dá a lóhùn, òun fúnra rẹ̀ ló máa mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ tó gbé wá ni Ifá ń bá wí. Bí àwọn àgbà ṣe mọ̀ pé ọ̀ràn ara ẹni wúwo tó nìyẹn, débi pé awo tó ń ṣèwòsàn pàápàá kò gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ bí oníǹkan ò bá fẹ́. Àwa wá fi ti ọmọ ọlọ́mọ sínú àpòòwé, a gbé e fún awakọ̀.

Àwọn kan nínú yín ti dá ọgbọ́n kan. Wọ́n ní olùwáṣẹ́ ti fọwọ́ sí i. Mo mọ fọ́ọ̀mù náà, èmi ni mo máa ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ìlà kan ló wà nísàlẹ̀, lẹ́tà wínníwínní, tó ní "Mo gbà kí wọ́n ṣe gbogbo àyẹ̀wò tó bá yẹ." Ẹni tó ti ń wá iṣẹ́ láti ọdún mẹ́rin, tí íńtáfíù rẹ̀ ti yọrí, tí ìyá rẹ̀ ti ń dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, irú ìwé wo ni kò ní fọwọ́ sí? Bẹ́ ẹ bá gbé ìwé pé kó ta kíndìnrín rẹ̀ síwájú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, á béèrè bírò. Ìyọ̀ǹda tí kò lè dá padà láìpàdánù iṣẹ́, ẹ má pè é ní ìyọ̀ǹda. Pàápàá nígbà tí ohun tó ń fọwọ́ sí kò sí lórí ìwé, tó jẹ́ lẹ́tà mẹ́ta tí a dìídì fi bò ó lójú.

Ohun tí mo wá ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Bí ilé iṣẹ́ bá fi lẹ́tà ránṣẹ́, tí RVS tàbí HIV wà nínú rẹ̀, ẹ fa ìlà lé e, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe fi rúlà fa ìlà lé orúkọ ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé òfin kò gbà á, kẹ́ ẹ sì fọwọ́ sí i. Bẹ́ ẹ bá ń kọ èsì sí agbanisíṣẹ́, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló nílò: ó lè ṣe iṣẹ́ náà, kò lè ṣe é, tàbí ó lè ṣe é bẹ́ ẹ bá tún nǹkan báyìí ṣe fún un. Ìwé tó kù, pẹ̀lú gbogbo nọ́ńbà inú rẹ̀, ẹni tó ni ara ni kẹ́ ẹ gbé e fún, kẹ́ ẹ jókòó tì í, kẹ́ ẹ túmọ̀ rẹ̀ fún un ní èdè tó gbọ́. Mo ti sọ fún àwọn tó wà ní irú ipò tí mo wà tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n yọ ìlà yẹn kúrò nínú lẹ́tà wọn. Àwọn kan yọ ọ́, àwọn kan ní ọ̀gá àwọn ò gbà. Ìdí nìyí tí mo fi wá sọ́dọ̀ yín: lẹ́tà tí ọ̀gá fọwọ́ sí ò lè fa ẹ̀jẹ̀, ẹ̀yin lẹ ni abẹ́rẹ́.

Bí olùwáṣẹ́ kan bá wà lọ́dọ̀ yín tóun fúnra rẹ̀ fẹ́ mọ̀ bóyá òun ní HIV, inú mi á dùn bẹ́ ẹ bá yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ ṣe é lọ́jọ́ mìíràn, ní fáìlì mìíràn, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìtọ́sọ́nà ṣáájú àti lẹ́yìn, kó má ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú iṣẹ́ tó ń wá. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.9 ènìyàn ni ìwádìí ńlá tí ìjọba ṣe lọ́dún 2018 fi hàn pé wọ́n ní kòkòrò náà ní Nàìjíríà. A fẹ́ kí wọ́n mọ̀, kí wọ́n máa lo oògùn. Ṣùgbọ́n bí ìròyìn bá ti tàn ká pé ẹ̀jẹ̀ tí ènìyàn fún láàbù ló ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ta ló máa fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá? Mo mọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan ládùúgbò mi nísinsìnyí tó ń sá fún àyẹ̀wò ibà pàápàá, torí ó gbọ́ pé "wọ́n máa ń fi ti ìkejì wò ó mọ́ ọn."

Ẹ̀yin àjọ tó ń mójú tó iṣẹ́ dókítà àti èyí tó ń mójú tó àwọn ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, bẹ́ ẹ bá lọ wo àwọn ilé ìwòsàn tó ń ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́, ẹ má wo ẹ̀rọ àti ìwé àṣẹ nìkan. Ẹ ní kí wọ́n mú ìwé èsì àwọn olùwáṣẹ́ jáde. Ẹ wo ibi tí ẹ̀dà kejì lọ.

Ó ku ẹ̀bẹ̀ kan, òun gan-an ló jẹ́ kí n jókòó kọ lẹ́tà yìí. Àwọn fáìlì àtijọ́ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù yín. Mo mọ̀ pé ẹ ò tíì dà wọ́n nù, ẹ̀yin dókítà kì í da ìwé nù. Àwọn tí ìlà wọn pupa wà nínú wọn, tí ẹnikẹ́ni ò pè jókòó rí. Àwọn kan á ti mọ̀ láti ibòmíràn, àwọn kan ò ní tíì mọ̀, àwọn kan á sì wà tí kíìtì kejì ì bá ti sọ pé kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Ẹ yọ wọ́n síta. Ẹ má fi ohùn sílẹ̀ sórí fóònù, ẹ má sì rán ẹnikẹ́ni sí wọn. Ẹ kàn ní kí wọ́n wá rí yín. Bí wọ́n bá dé, ẹ tilẹ̀kùn, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ ṣe láìsọ fún wọn, kẹ́ ẹ sì tún un wò fún wọn bí ìlànà ṣe wí, bí wọ́n bá gbà. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọbìnrin tó gba ipò kìíní nínú ìdánwò wa lọ́dún 2017. Nọ́ńbà fóònù rẹ̀ wà lókè fọ́ọ̀mù náà ní ọwọ́ ọ̀tún, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀.

Èmi ni tiyín pẹ̀lú ọ̀wọ̀,
Ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìgbanisíṣẹ́,
Ìbàdàn.